Ẹrú Ní Baba, Ọ̀nà Ló Jìn: Ọjọ́ Méjì Ní Àgbádárìgì

Láti ọwọ́ Alukoro Ẹgbẹ́

Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó dá ẹ̀mí wa sí, a sì ń rántí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tí wọn kò bá wa dé ibi tí a dé yìí. Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìwé ìrántí yìí ń pín iṣẹ́, ohun tí wọ́n fún mi ni pé kí n kọ ìtàn. Wọn kò sọ ìtàn èwo. Ìtàn bí ẹgbẹ́ wa ṣe bẹ̀rẹ̀, Akọ̀wé ti kọ ọ́, iṣẹ́ rẹ̀ sì pé. Mo wá rántí pé a ti fẹnu kò ní ìpàdé pé lẹ́yìn àjọyọ̀ yìí, a ó kó àwọn ọmọ wa lọ sí Àgbádárìgì nígbà ìsinmi, kí wọ́n fi ojú ara wọn rí ohun tí wọ́n ń kà nínú ìwé. Mo ní kí n kọ́kọ́ lọ wò ó, kí n sì kọ ohun tí mo bá rí. Akápò wa ní òun yóò bá mi lọ, nítorí òun ni yóò san owó ọkọ̀ àti owó ìwọlé lọ́jọ́ náà, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá sọ iye owó fún òun lẹ́nu lásán. Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ ọ́n. Bí àwa méjèèjì ṣe gbéra láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan nìyẹn, ti àwa ti ìwé àkọsílẹ̀ méjì: tèmi fún ìtàn, tirẹ̀ fún owó.

Ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì kò jìn. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ló sọ ọ́ di ìrìn-àjò. Nígbà tí a máa fi kọjá Agbára, oòrùn ti wà lójú ọ̀run gbangba, Akápò sì ti kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé aago márùn-ún ìdájí ni bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ gbọ́dọ̀ gbéra.

Ọ̀sà ló sọ ibẹ̀ di ìlú

Ẹni tí kò bá dé Àgbádárìgì rí lè rò pé bí èèyàn bá ti wọ ìlú ni yóò rí òkun. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀sà ni ìlú náà kọjú sí. Òkun wà ní òdìkejì ọ̀sà, lẹ́yìn ilẹ̀ oníyanrìn tóóró kan tí wọ́n ń pè ní Gberefu. Ọ̀sà yìí ni títì ayé àtijọ́. Ẹni tó bá wa ọkọ̀ kúrò ní Àjàṣẹ́, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Porto-Novo, lè gba Àgbádárìgì dé Èkó, kó sì ti Èkó dé Ẹ̀pẹ́ àti èbúté àwa Ìjẹ̀bú, láìfi ojú kan ìgbì òkun. Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí mo máa padà sórí rẹ̀.

Àwọn Ògù, tí àwa ń pè ní Ègùn, ló ni ilẹ̀ náà, Akran sì ni ọba wọn. Ọmọ Ògù kan tí kò tíì tó ọgbọ̀n ọdún ló mú wa kiri. Yorùbá ẹnu rẹ̀ já gaara ju ti àwọn ọmọ tí àwa ń tọ́ ní Èkó lọ. Ó sọ fún wa pé oko àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Agbedeh ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, pé lára orúkọ oko náà ni orúkọ ìlú ti jáde.

Ogun ló sọ oko náà di ìlú ńlá. Ní ọdún 1727, Dáhómì ṣẹ́gun Ouidah. Nígbà tó di 1732, wọ́n pa Jakin náà run. Àwọn tó sá àsálà gba ìhà ìlà-oòrùn wá. Hertogh, oníṣòwò ará Netherlands kan tó ti ń tajà ní Jakin, náà tẹ̀lé wọn wá sí Àgbádárìgì. Láti ìgbà náà ni òwò ti gbilẹ̀ níbẹ̀. Ìbọn ń wọlé, ẹ̀tù ń wọlé, aṣọ, ọtí, owó ẹyọ tí wọ́n ń kó wá láti erékùṣù Maldives nínú Òkun Íńdíà, àti tábà láti Bahia ní Brazil. Ohun tó ń jáde lọ ni ènìyàn. Àwọn ará Ọ̀yọ́ náà ń kó ẹrú gba ojú ọ̀nà yìí wá sétí omi. Ní ọdún 1784, ogun Dáhómì kan Àgbádárìgì fúnra rẹ̀, wọ́n sì pa ìlú náà run. Ẹni tó ń so okùn mọ́ ẹlòmíràn lọ́rùn lánàá lè bá ọrùn ara rẹ̀ nínú okùn lónìí. Bí òwò náà ṣe rí nìyẹn.

Àwọn onímọ̀ ìtàn tó tú ìwé ọkọ̀ ojú omi wò láti ilẹ̀ kan dé ìkejì ṣírò rẹ̀ pé àwọn tí wọ́n kó wọ ọkọ̀ kọjá Òkun Àtìláńtíìkì láti ilẹ̀ Áfíríkà lé ní mílíọ̀nù méjìlá. Nínú wọn, bíi mílíọ̀nù méjì ló ti etíkun tiwa yìí lọ, láti ìhà Togo òní títí dé ìhà Èkó.

Ẹgbẹ̀jọ ènìyàn

Ilé tí mo fẹ́ kí àwọn ọmọ wa pẹ́ sí jù ni ilé Sẹ́ríkì Williams Abass. Brazilian Barracoon ni orúkọ tí wọ́n ń pè é. Ilé ìkẹ́rùsí ni, àmọ́ ẹrù ibẹ̀ ń mí. Ogójì yàrá ni afinimọ̀nà wa sọ pé ó wà nínú rẹ̀ nígbà tó pé, pé ogójì ènìyàn ni wọ́n ń há mọ́ yàrá kọ̀ọ̀kan títí ọkọ̀ yóò fi dé. Mo wọ inú yàrá kan. Mo nà ọwọ́ mi méjèèjì, ó kù díẹ̀ kí n kan ògiri lọ́tùn-ún lósì. Akápò dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni ìṣirò, kò lè gbọ́ nọ́mbà méjì kó má sọ wọ́n di ẹyọ kan. Ogójì lọ́nà ogójì, ẹgbẹ̀jọ. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, 1600, ó wò ó, ó sì pa ìwé dé. Kò kọ nǹkan kan sínú ìwé yẹn mọ́ títí di alẹ́.

Ìtàn ẹni tó ni ilé náà ló yà mí lẹ́nu jù. Gẹ́gẹ́ bí ìdílé rẹ̀ ṣe ń sọ ọ́, Fárẹ̀mí ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ní Ìjòga-Orílé, nílẹ̀ Yewa. Ọmọdé ni nígbà tí ogun Dáhómì kó o. Wọ́n tà á, ó sì bọ́ sọ́wọ́ olówò ẹrú ará Brazil kan tó ń jẹ́ Williams. Ó kọ́ ìwé, ó kọ́ èdè àwọn òyìnbó, ó gba orúkọ ọ̀gá rẹ̀ mọ́ tirẹ̀. Nígbà tó padà sí ilẹ̀ wa, kò padà sí Ìjòga lọ ro oko. Òwò tí wọ́n fi òun ṣe ni òun náà wá ń ṣe. Ó di olówó, ó di Sẹ́ríkì Mùsùlùmí Àgbádárìgì, ó sì kú ní ọdún 1919. Inú ọgbà ilé náà ni ibojì rẹ̀ wà.

Afinimọ̀nà wa sọ èyí wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ti sọ ọ́ nígbà àìmọye. Lẹ́yìn náà ló wá sọ pé nínú ìtàn tí wọ́n ń sọ níbẹ̀, agboorùn kan ni iye owó ogójì ẹrú. Akápò bi í pé, "Àbúrò, ogójì?" Ó dáhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n. Yàrá kan nìyẹn."

Ohun ìdúró

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ báńkì, nítorí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wọ̀ mí lára nìyẹn. Bí oníbàárà bá wá yáwó lọ́wọ́ wa, a ó béèrè ohun ìdúró. Bó bá jẹ́ ilé, a ó gba ìwé ilé. Bí kò bá san gbèsè, a ó ta ilé. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń buwọ́ lu irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Gbogbo etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni òwò ẹrú ti ń rìn lórí àwìn. Òyìnbó tó bá mú ọkọ̀ wá kò lè wọ ìgbẹ́ lọ ra ẹrú fúnra rẹ̀. Yóò gbé ọjà fún oníṣòwò ilẹ̀ wa láwìn, oníṣòwò yóò gbé ọjà náà wọ oko lọ, yóò sì kó ènìyàn bọ̀. Kí ló wà lọ́wọ́ òyìnbó tí yóò fi mọ̀ pé ọkùnrin náà máa padà wá? Ní ọ̀pọ̀ èbúté, ènìyàn ló ń gbà ṣe ìdúró: ọmọ oníṣòwò, àbúrò rẹ̀, ọmọ ilé rẹ̀. Bí ọjọ́ àdéhùn bá kọjá tí ẹrú kò pé, ọkọ̀ lè gbé ohun ìdúró náà lọ. Ọmọ tó jí láàárọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ olówó lè sùn lálẹ́ nínú ọkọ̀ ẹrú, torí pé ojú ọ̀nà kò dára, ọjà kò yá, baba rẹ̀ sì pẹ́ lóko.

Mo sọ èyí nítorí pé a fẹ́ràn láti máa sọ ìtàn náà bí ẹni pé àwọn òǹrorò kan ló wá láti ibì kan, wọ́n sì kó wa lọ. Òǹrorò wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ènìyàn bí èmi, ẹni tó mọ ìwé í kọ, tó mọ owó í kà, tó ń wá bí gbèsè yóò ṣe wọlé lásìkò.

Ìwé àti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ nínú ìlú kan

Láti ilé Sẹ́ríkì, ẹsẹ̀ la fi rìn dé Ilé Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tí wọ́n parí ní ọdún 1845, èyí tí wọ́n ń pè ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ nílẹ̀ Nàìjíríà. Gollmer, míṣọ́nnárì ìjọ CMS, ló kọ́ ọ. Òtítọ́ tó yẹ kí àwọn ọmọ wa mọ̀ ni pé ìgbà kan náà ni ilé yìí àti òwò ẹrú wà ní ìlú náà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1842 ni Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì gúnlẹ̀. Henry Townsend ti ìjọ CMS dé ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà, wọ́n sì jọ ṣe Kérésìmesì níbẹ̀. Abẹ́ igi Agia ni wọ́n ti wàásù. Igi náà wó ní ọdún 1959, àmọ́ òkúta ìrántí wà níbi tó ti hù.

Kí ló mú àwọn oníwàásù wá sí Àgbádárìgì? Àwọn Sàró ló pè wọ́n. Àwọn wọ̀nyí ni ọmọ Yorùbá tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú lójú òkun, tí wọ́n kó sọ̀ kalẹ̀ ní Freetown. Láti ọdún 1839 ni wọ́n ti ń padà wálé, púpọ̀ nínú wọn sì gba Àgbádárìgì kọjá sí Abẹ́òkúta. Etí omi tó gbé ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ náà ló gba àwọn díẹ̀ padà.

Ọ̀kan nínú wọn ni Àjàyí Crowther. Ọdún 1821 ni wọ́n kó o ní Òṣoògùn. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé wọ́n ti fi òun ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin rí, àti lẹ́yìn náà, tábà àti ọtí. Èkó ni wọ́n ti kó o wọ ọkọ̀ ní 1822, kí ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á. Nígbà tí òun, Gollmer àti Townsend gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní oṣù kìíní ọdún 1845, ó ti di àlùfáà, ó sì ti tẹ ìwé jáde lórí ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá ní 1843. Ṣódẹkẹ́, olórí Ẹ̀gbá tó fẹ́ gbà wọ́n lálejò, ti kú, ogun sì ti dí ọ̀nà Abẹ́òkúta. Ọdún kan ààbọ̀ ni wọ́n fi dúró ní Àgbádárìgì. Oṣù Kẹjọ ọdún 1846 ni Crowther rí ìyá rẹ̀, Àfàlá, ní Abẹ́òkúta. Ọdún márùndínlọ́gbọ̀n ti kọjá. Wọ́n di ara wọn mú, ọ̀rọ̀ kò sì jáde lẹ́nu wọn.

Àsìkò yìí náà ni Akítóyè, ọba Èkó, wà ní ìgbèkùn ní Àgbádárìgì, lẹ́yìn tí Kòsọ́kọ́ lé e kúrò lórí ìtẹ́ ní 1845. Níbẹ̀ ló ti bá àwọn míṣọ́nnárì dọ́rẹ̀ẹ́, tó sì ránṣẹ́ sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pé bí wọ́n bá gbé òun padà, òun yóò fòpin sí òwò ẹrú l'Ékòó. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn wó Èkó. Akítóyè padà sórí oyè, ó sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1852. Kòsọ́kọ́ wa ọkọ̀ lórí ọ̀sà, ó sá lọ sí Ẹ̀pẹ́, lábẹ́ ààbò àwa Ìjẹ̀bú. Ọ̀sà tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn nìyẹn. Ìtàn Àgbádárìgì kò dúró ní Àgbádárìgì. Ó wa ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ wa.

Gberefu

Ọjọ́ Àìkú la kọjá sí Gberefu. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì gbé wa kọjá ọ̀sà kíákíá. Akápò rí i dájú pé àwa méjèèjì wọ ẹ̀wù ìdáàbòbò, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ká ka ti àwọn ọmọ kí wọ́n tó wọ ọkọ̀. Láti èbúté, ẹsẹ̀ ni ènìyàn ń fi rìn dé etíkun, lórí yanrìn, láàárín igi àgbọn. Ọ̀nà tí àwọn ẹrú rìn nìyẹn. Kànga kan wà lójú ọ̀nà náà. Wọ́n ní wọ́n máa ń fún àwọn ẹrú ní omi rẹ̀ mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Níwájú, létí òkun, wọ́n mọ òpó méjì sí ibi tí wọ́n ń pè ní ojúkò àìpadàbọ̀.

Òkun ń hó. Àwa méjèèjì nìkan la wà níbẹ̀, torí afinimọ̀nà ti dúró sábẹ́ àgbọn. Akápò kò wo òkun. Ẹ̀yìn ló ń wò, sí ọ̀nà tí a gbà wá. Ó ní, "Alukoro, o rántí ìpàdé ọdún kẹrin, tí a ń jiyàn lórí ẹni tí yóò gbé àsíá lọ́jọ́ Ọjúde Ọba?"

Mo rántí. Ọ̀pọ̀ nínú yín náà máa rántí. Ọ̀rọ̀ náà gbóná lọ́jọ́ náà. Inú bí mi sí òṣìṣẹ́ gbọ̀ngàn kan tó hùwà àìdáa sí wa, mo sì pa òwe pé ẹrú kan ní í mú ni bú igba ẹrú. N kò dúró síbẹ̀. Mo fi tèmi kún un pé kí a máa wádìí ibi tí ènìyàn ti ṣẹ̀ wá kí a tó gbé e síwájú. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Akápò, tí kì í ṣe akápò nígbà náà, náà rẹ́rìn-ín. Kò wá sípàdé méjì tó tẹ̀lé e. Ó ní iṣẹ́ ló dí òun lọ́wọ́, n kò sì bi í léèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó ní, "Ìyá tó bí baba baba mi, rírà ni wọ́n rà á. Ọmọdébìnrin ni, wọ́n rà á lọ́jà kan lẹ́bàá ọ̀sà, nílẹ̀ wa níbí. A ò mọ ìlú rẹ̀. Ìyá baba mi, tó fẹ́ ọmọ rẹ̀, ló sọ fún mi. Ó ní ilà ojú rẹ̀ kì í ṣe ilà ẹnikẹ́ni ládùúgbò wa. Ó ní bó bá ń dá kọrin nídìí ààrò, orin náà kì í yé wọn. Bí àwọn ọmọdé bá bi í pé, 'Ìyá, níbo lẹ ti wá?', ohun kan ṣoṣo ló máa ń dá wọn lóhùn: 'Ẹrú ní baba, ọ̀nà ló jìn.' Kò gbàgbé ilé. Ó kàn jẹ́ pé kò sẹ́ni tó mọ ọ̀nà mú un lọ."

Mo ti gbọ́ òwe yẹn láti kékeré. N kò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ni ín rí.

Ọwọ́ àwa náà

Mo ṣe ìṣirò nígbà tí mo délé. Ọmọdébìnrin yẹn yóò ti dé ilẹ̀ wa nígbà tí ọkọ̀ ẹrú ti kásẹ̀ nílẹ̀ lójú òkun. Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877, ó sì lé ní ọdún mẹ́wàá tó fi ń jà láàárín Ìbàdàn àti Èkìtì pẹ̀lú Ìjẹ̀ṣà. Àwọn tí ogun kó, kò sí òyìnbó tó ń rà wọ́n mọ́. Àwa ni a rà wọ́n. Epo pupa ti gba ipò ẹrú lójà òyìnbó, epo sì ń fẹ́ ẹni tí yóò ro oko, ẹni tí yóò fọ́ ẹyìn, ẹni tí yóò ru ìkòkò dé èbúté.

Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, àwọn ọmọ ogun Ìjẹ̀bú wà lára àwọn tó pa Òwu run. Ìjà náà bẹ̀rẹ̀ láti ọjà Àpòmù, níbi tí àwọn oníṣòwò ti ń jí ènìyàn gbé tà. Ìbọn tí a rà létí omi la fi jà á. Àwa la wà láàárín, láàárín òkè àti omi. Ènìyàn gba ọwọ́ wa kọjá lọ, ìbọn gba ọwọ́ wa kọjá bọ̀, èrè sì kù sọ́wọ́ wa. Lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun wa ní Ìmàgbọ̀n ní 1892, ọ̀pọ̀ ẹrú sá kúrò lọ́dọ̀ àwọn olówó wọn nílẹ̀ wa. Ọ̀pọ̀ dúró, nítorí wọ́n ti fẹ́yàwó, wọ́n ti bímọ, tàbí nítorí ọ̀nà ti jìn jù. Ọdún 1916 ni òfin ìjọba jáde tó fòpin sí oko ẹrú ní gbogbo Nàìjíríà. Òfin mú orúkọ náà kúrò nínú ìwé. Kò mú un kúrò lẹ́nu wa.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń kó ènìyàn jọ sínú rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́. Wọn kì í béèrè ilé ta ni. Ọdún ìbí ni wọ́n ń béèrè. Ọmọ olóyè àti ọmọ alágbàṣe, bí wọ́n bá bí wọn lásìkò kan náà, aṣọ kan náà ni wọ́n ń wọ̀, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń tọ̀ lọ síwájú ọba. N kò mọ iye ìgbà tí mo ti fi èyí yangàn fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi níbi iṣẹ́. Lọ́jọ́ ìpàdé yẹn, èmi gan-an ni mo fẹ́ da gbogbo rẹ̀ nù, nítorí àsíá.

Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi létí òkun. Ó ní ó ti tán. Ṣùgbọ́n ojú gbogbo ẹgbẹ́ ni mo ti sọ̀rọ̀ náà, kò sì yẹ kí n tọrọ àforíjì ní kọ̀rọ̀. Mo bi í bóyá mo lè kọ ọ́ síhìn-ín. Ọ̀sẹ̀ kan ni kò fi dá mi lóhùn. Lẹ́yìn náà ló pè mí lórí fóònù pé kí n kọ ọ́, kí àwọn ọmọ òun lè kà á, kí wọ́n má baà gbọ́ ọ bí èébú lẹ́nu ẹlòmíràn. Nítorí náà, Akápò, níwájú Ààrẹ wa, níwájú ẹgbẹ́ àti àwọn àlejò wa, mo bẹ̀ ọ́. Má bínú. Èmi ni mo jẹ̀bi.

Ohun méjì ni mo fẹ́ fi síwájú ẹgbẹ́ bí a ṣe ń wọ ọdún kọkànlá. Èkíní, kí ìrìn àwọn ọmọ wa sí Àgbádárìgì má yẹ̀, kí àwa òbí náà sì bá wọn wọ inú yàrá yẹn. Èkejì, kí olúkúlùkù wa lọ jókòó ti àgbà tó kù nínú ìdílé rẹ̀, kó béèrè nípa àwọn ìyá tí orúkọ wọn kì í sí nínú oríkì ilé, kó sì kọ ohun tó bá gbọ́ sílẹ̀. Bí ilà ojú lásán ni wọ́n rántí, kó kọ ọ́. Mo ti bẹ̀rẹ̀ tèmi. N kò tíì mọ ohun tí màá bá níbẹ̀.

Akápò ti fi ìṣirò owó ìrìn-àjò náà ránṣẹ́ sí Ààrẹ. Ó pé, kò lé, kò dín. Àwọn ọmọ á gbéra ní aago márùn-ún ìdájí.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí a tún pé jọ ṣe ogún ọdún. Kí ẹgbẹ́ wa má tú. Kí ọ̀nà ẹnikẹ́ni nínú wa má jìn sílé. Àmín, àṣẹ.